Ẹ Má Jẹ́ Ká Pa Ìtàkùrọ̀sọ Ọjọ́ Àìkú Wa Tì

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

  Ajé á wọ igbá o!  Festac kì í ṣe ilé ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú gbogbo àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1977 ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ ilé gbogbo wa.

Ìgbìmọ̀ ní ká sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí gbogbo yín mọ̀, ìyẹn ìtàkùrọ̀sọ wa lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ rántí pé níbi ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní ká pa á tì. Wọ́n ní dátà ti wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbẹ̀ kò mú owó wọlé. Wọ́n ní ká fi WhatsApp ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìkéde nìkan: ọjọ́ ìpàdé, owó ìdásí, orúkọ ẹni tí owó kàn. Lẹ́yìn àjọ̀dún yìí la máa dìbò lé e. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ ìwé ẹgbẹ́ sọ ohun tí a ti rí. Èrò tiwa ni pé ká má pa á tì, ṣùgbọ́n ká fi òfin dè é.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn ọkọ àti ọmọ wa, nítorí àwọn kan nínú wọn rò pé ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ni. Láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá ráyè nínú wa á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní voice note. Á ní, "Ẹ kú ilé o, èmi rèé. Mo sinmi lónìí, orúnkún ṣì ń dùn mí, àbíkẹ́yìn mi ti wọ JSS One." Àwọn yòókù á kí i, wọ́n á bá a yọ̀, wọ́n á sọ ewé tí wọ́n lò sí orúnkún tiwọn. Ẹni tó lọ Mile 12 á sọ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ẹni tí oníbàárà pa lẹ́rìn-ín á sọ ọ́, a óò jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ á kàn ní, "Mo ń gbọ́ yín o."

Kò sí ẹni tó ń kọ mínítì. A kì í béèrè owó ìdásí níbẹ̀, a kì í sì í dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń pe ara wa papọ̀ kí a lè gbọ́ ohùn ara wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, èèyàn 4 péré ni WhatsApp gbà láyè nínú ìpè kan. Nígbà tó di 2022, wọ́n sọ ọ́ di 32, ìyẹn ni a fi lè máa pe ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà: ìlà alátà, ìlà aláṣọ, ìlà ẹlẹ́ja, ìlà oníprófíṣọ̀n. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí ní oṣù kẹta 2020. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù náà, ìbúgbàmù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wa níbí. Ilé wó lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, èèyàn tó lé ní ogún kú. Ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College bàjẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tó ti ń gba àwọn ọmọ ọlọ́mọ là. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kálukú gbé fóònù láti béèrè bóyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà láàyè, ibẹ̀ ni a ti rí i pé ọ̀pọ̀ wa kò ní nọ́ńbà ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra. Kí la fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹni tí o bá fẹ́ rí, wàá yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kónílé-ó-gbélé dé nítorí àrùn kòrónà. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹta ni ìjọba Èkó ti ti ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ, oògùn àti omi. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ní ká padà sọ́jà, wọ́n pín ọjọ́ fún wa: àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, àwọn tó ń ta nǹkan mìíràn ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Ìyá alátà àti ìyá aláṣọ tó ti ń jọ jẹun ọ̀sán láti ọdún mẹ́wàá kò rí ara wọn sójú mọ́.

Àbúrò wa kan tó ń ta ìbòrí fóònù àti ṣájà ló ṣí WhatsApp yìí ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wà nílé. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohùn yín." Ohùn ló béèrè, kì í ṣe ìwé, nítorí ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò fẹ́ràn títẹ lẹ́tà, àwọn mìíràn kò sì kàwé. Nígbà tí a gbọ́ ohùn ìyá wa alágbo, tó ń ṣépè fún kòrónà bíi pé gbèsè ló jẹ ẹ́, gbogbo wa ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ lásán fi wúlò fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹ wò ó, ẹni tó bá fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá. Onídùúró kò rí ìwé báńkì ẹni tó ń dúró fún. Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ bó ṣe ń bá oníbàárà lò. Ó mọ aago tó ń ṣí ìsọ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún, pé ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ kò jẹ alájàpá kankan ní gbèsè. Ibo ló ti mọ gbogbo èyí? Kì í ṣe níbi ìpàdé. Níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí ọjà tutù ni, níbi tí wọ́n ti jọ ń dúró de mọ́tò, níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ́ ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ pé kò mú owó wọlé yẹn ni owó wa dúró lé.

Àwọn ìyá wa ní Èkó ti mọ èyí tipẹ́. Alimotu Pelewura, tó jẹ́ olórí ọjà Eréko, tó ń ta ẹja, kò kàwé. Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó láti àwọn ọdún 1920 títí ó fi kú ní 1951. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń pa ju £50 lọ́dún, àwọn ọlọ́jà ti ọjà pa ní oṣù kejìlá 1940, wọ́n sì wọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba gbé e sókè di £200. Fóònù kankan kò sí lọ́wọ́ wọn, rédíò kò sì sí nínú ìsọ̀ wọn. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn, ó sì ń rìn kíá nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìjà nìkan. Ẹni tí kò kí ọ láti oṣù mẹ́fà, bó bá wá ní kí o ti ìsọ̀ rẹ, ṣé wàá tì í?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìkan ni. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì sọ fún wa pé nígbà kónílé-ó-gbélé, orí Zoom ni iṣẹ́ wọn bọ́ sí. Ní oṣù kejìlá 2019, iye ìgbà tí èèyàn ń wọ ìpàdé Zoom lójúmọ́ ní gbogbo àgbáyé jẹ́ bíi mílíọ̀nù 10. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin 2020, ó ti di mílíọ̀nù 300. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ń di àjèjì síra wọn, nítorí ẹni tí wọ́n ti máa ń jọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù tí wọ́n ń bá a sọ. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ya àkókò kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ GitLab, kálukú òṣìṣẹ́ wọn ń ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé kí òṣìṣẹ́ máa pe ara wọn, kí wọ́n máa mu kọfí, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ilé. Ohun tí àwa ọlọ́jà ń ṣe ní ìdí àtẹ láti ayébáyé ni wọ́n wá kọ sínú ìwé.

A ti padà sọ́jà, kí ló tún kù?

Àwọn kan á ní, "Kòrónà ti lọ, a ti padà sọ́jà, kí la tún ń fi fóònù wá?" Lóòótọ́ a ti padà, ṣùgbọ́n a kò wà papọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó ilé ti lé ọ̀pọ̀ wa kúrò ní Festac. Àwọn kan ń gbé ní Ọ̀kọ́kọ́máìkò báyìí, àwọn kan ní Ìyànà-Ìbà, àwọn mìíràn kọjá ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà Badagry. Ẹlòmíràn fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Agboju, iwájú ilé ló ti ń tà. Ẹ sì rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó ₦200 di ₦488 ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó, owó mọ́tò sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wá sípàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù wá di ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan. Àwa tí ìwé àwọn tó wá sípàdé wà lọ́wọ́ wa, a rí i. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ọ̀nà jìn, ọkọ̀ wọ́n.

Bí a bá wá pa ohun kan ṣoṣo tí a fi ń gbọ́ ohùn ara wa láàárín ìpàdé kan sí èkejì tì, kí ló máa kù? Orúkọ inú ìwé ló máa kù.

Ohun tí ó ti ṣe fún wa

Ìyá wa kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó ń dá gbé ní Satellite Town, òun la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó dákẹ́ ní Àìkú kan, a ní bóyá ó lọ sí sọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tún dákẹ́ ní ìkejì, àwọn méjì nínú ìlà ẹlẹ́ja gbéra lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀, apá kan kò ṣe é gbé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó jókòó sáàárín wa níbí lónìí, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́. Bó bá ṣe pé ìkéde nìkan ni WhatsApp wa wà fún, ta ni ì bá mọ̀ pé ó dákẹ́? A kì í retí kí ẹnikẹ́ni dáhùn ìkéde.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó yá owó, tí owó náà há. Oṣù mẹ́ta ni kò fi wá sípàdé, ojú ń tì í. Àwọn onídùúró rẹ̀ ti ń múra láti gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n kò dá ìtàkùrọ̀sọ dúró, nítorí ó mọ̀ pé a kì í dárúkọ gbèsè níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ ọ̀rọ̀ iná. Fíríìsà mi ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹja ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ìgbà yẹn ni àwọn onídùúró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí owó fi há. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ń tún fíríìsà ṣe, ó lọ bá a ṣe é. Ìgbìmọ̀ fi oṣù díẹ̀ kún àsìkò rẹ̀. Ó ti san owó ẹgbẹ́ tán, kò sí ẹni tó dá a lójú tì. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò mú owó wọlé, owó tó fẹ́ sọnù nìyẹn tí ó padà wọlé.

Ẹ tún rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó tuntun kò sí níta. CBN kọ́kọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni a óò ná owó àtijọ́ mọ, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dájọ́ pé ká ṣì máa ná an títí ọdún yóò fi parí. Gbogbo oníbàárà di onítransfer. Nínú ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta ìrẹsì sọ fún wa pé ọmọkùnrin kan fi álẹ́ẹ̀tì han òun, ó gbé àpò ìrẹsì méjì lọ, owó kò sì dé. Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn méjì fi ní, "Ṣé èyí tó dé fìlà pupa?" Ọmọ kan náà ni. Nígbà tó dé ìsọ̀ ẹnì kẹrin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó jókòó kí owó wọ báńkì kí wọ́n tó gbé ọjà fún un. Ó ní òun ń bọ̀, kò padà wá mọ́.

Àwọn tó lọ bá ọmọ wọn gbé ọmọ tuntun lókè òkun náà kò jìnnà sí wa mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Lọ́ńdọ́nù. Ní ìgbà ooru, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, aago méje ló ń lù lọ́dọ̀ tirẹ̀ nígbà tí tiwa bá lu mẹ́jọ. Ó ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń kí wa. Ó ní bí kò bá sí ìtàkùrọ̀sọ yìí, ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn ì bá ti lé òun padà sílé.

Ohun tí àwọn tó ń ṣàròyé sọ

Àròyé wọn kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà á ní ìkọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni dátà. Lóòótọ́, ní oṣù kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, gbogbo wa ló sì dùn. Ṣùgbọ́n ohùn tí a ń fi ránṣẹ́ kọ́ ló ń jẹ dátà. Ohùn ìṣẹ́jú kan kò tó ìdajì MB kan. Fídíò kan ṣoṣo tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn lè jẹ MB mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wọ fóònù fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń sùn. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà níbí, kí ẹ tó kúrò lónìí, ẹ gba fóònù ìyá yín, ẹ pa ibi tí fídíò àti àwòrán ti ń wọlé fúnra wọn. Ẹ máa rí i bí dátà ṣe máa pẹ́ tó.

Èkejì, àwọn ìyá wa tí kò ní fóònù ńlá. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ yìí yọ àwọn sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ní àdúgbò kan, mẹ́ta nínú wọn máa ń jókòó ti ẹnì kan tó ní fóònù ńlá ní alẹ́ Àìkú, wọ́n á tan sípíkà rẹ̀ sókè. A fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá dá jìnnà, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lórí fóònù kékeré rẹ̀, kí ó sì bá a sọ fún àwọn yòókù pé ó kí wọn.

Ẹ̀kẹta ni irọ́ orí fóònù. Ẹ rántí oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan jáde lóru, ó ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n jí láti ojú oorun láti ṣe é. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn bára wọn ní ilé ìwòsàn. Iyọ̀ kọ́ ló lé Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé wá àwọn tí àrùn náà ti lè ràn ni, tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ohun tí kò bá ti ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ wá, kí ó má wọ inú ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn olè. Wọ́n máa ń gba WhatsApp ẹni, wọ́n á wá fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ni wọ́n máa ń tọrọ, èyí tó wọlé sórí fóònù yín. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá sì kọ̀wé pé òun nílò owó, ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Òfin tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí

Ìdí nìyí tí a fi gbé àwọn òfin wọ̀nyí wá síwájú yín kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò:

1. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni. Bó bá ti di mẹ́sàn-án, ó dàárọ̀. Kí ọkọ àti ọmọ wa lè rí wa bá sọ̀rọ̀.

2. A kò ní sọ̀rọ̀ gbèsè, owó ìdásí tàbí ìbò òṣèlú níbẹ̀. Ìkéde ẹgbẹ́ á ní ojú ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀.

3. Ohùn ara ẹni nìkan ni a gbà. Ohun tí a gbé láti ibòmíràn, kó dúró síbẹ̀.

4. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a ń sọ kiri ọjà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

5. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹnì kan tí yóò máa wo ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dákẹ́ ní Àìkú méjì, kí wọ́n pè é. Bí kò bá gbé e, kí wọ́n lọ sílé rẹ̀.

6. A kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó, a kò sì ní yan onídùúró, lórí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìpàdé àti ìwé ẹgbẹ́ ni ibi tí owó ti ń jáde. Ẹni tó ń lo ìtàkùrọ̀sọ láti fi sá fún ìpàdé, kò ye é.

7. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò ní ìwé kékeré tí a kọ nọ́ńbà àwọn ará ìlà rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, WhatsApp kú fún bíi wákàtí mẹ́fà ní gbogbo àgbáyé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ ní ìhà Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dá ṣíọ̀ṣíọ̀ ní Nàìjíríà. Irú rẹ̀ lè tún ṣẹlẹ̀. Bíbélì tàbí Kùránì yín ni kí ẹ fi ìwé nọ́ńbà náà sí, ibi tí ẹ máa ń ṣí lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, bí a bá fẹ́ dìbò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má wo iye tí dátà ń jẹ nìkan. Ẹ wo àwọn tí a gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá lónìí, tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ bá wa jókòó. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ mọ̀ bí ara wọn ṣe le ní oṣù yìí. Bí ẹ bá mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ ti gbọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀, ibi tí ẹ ti lè gbọ́ wà níbẹ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè dúró fún ẹni tí a kò mọ̀ mọ́.

 A ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láyé. Ọjà kò ní tutù mọ́ wa lórí, ẹni tó lọ ra ọjà á lọ ire, á bọ̀ ire. Ọdún tó ń bọ̀, kí gbogbo wa tún pé síbí, láìsí ẹnì kan lẹ́yìn.

Ajé á wọ igbá o!